Mo Fi Ohùn Mi Dí Ẹnu Bàbá Káfíńtà

Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín kó tó di ọjọ́ náà, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá dé iwájú wọn, ẹnu mi á kàn máa gbọ̀n ni, mi ò ní lè sọ ọ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ó ní àwọn èèyàn ń gbé ẹrù inú wọn wá sọ̀ síbí, ara wọn á sì fúyẹ́. Èmi ò bẹ̀bẹ̀ fún ara fífúyẹ́. Kí ẹ ṣáà gbọ́ ọ ni.

Ẹ má wo ìwé kíkọ mi o. Kíláàsì kẹta gírámà ni mo bá ilé ìwé dé. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré ni kí n máa sín èèyàn jẹ. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìwúkọ́ rẹ, bó o ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bó o ṣe ń gbé itọ́ mì, gbogbo ẹ̀ ni màá kó. Odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Màá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá sọ̀rọ̀ bíi onílé wa, àwọn ayálégbé á sì máa sá wọ yàrá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbálẹ̀ ní yunifásítì. Òun ló bá mi bẹ Purofẹ́sọ̀ kan tó ń wá ẹni tí á máa gbé rẹ́kọ́dà káàkiri. Purofẹ́sọ̀ yìí, obìnrin ni, ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ wọn. Àwọn àti dókítà kan tó ń tọ́jú àìsàn orí, àti ọkùnrin kan tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni tiẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba owó kan tí wọ́n ń pè ní owó ìrúgbìn.

"Kí ló ń jẹ́ owó ìrúgbìn?" mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Owó kékeré tí yunifásítì ń fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ò jọra, pé kí wọ́n pa ọgbọ́n pọ̀, kí wọ́n fi gbin nǹkan. Tó bá hù láàárín ọdún kan, owó ńlá á tẹ̀ lé e. Tí ò bá hù, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ." Ó wá na ìka sí mi lójú. "Ẹnu mi ni mo fi gba iṣẹ́ yìí fún ẹ. Má jẹ́ kí ẹnu yẹn jẹ ìyà."

Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wá ò le. Ṣé èèyàn lè gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà pé nǹkan ti ń ṣe orí ẹ̀, kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀? Ogójì àgbàlagbà ni wọ́n kó fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, màá lọ bá wọn nílé, màá gbé àwòrán kan fún wọn, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, èmi á sì máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwòrán kan náà ni nígbà gbogbo. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ajá ń fa aṣọ tí wọ́n sá lọ, ìkòkò ń hó dànù, ọmọdé kan ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.

Purofẹ́sọ̀ pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa. Má ràn wọ́n lọ́wọ́. Tí wọ́n bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́. Tí wọ́n bá ṣì í sọ, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà pè mí sí yàrá tiẹ̀. Yàrá yẹn tutù bíi inú fíríìjì, wáyà kún ilẹ̀.

"Ṣó o rí àwọn ohùn tó o gbé wá yìí? Ìdọ̀tí ni! Ìwúkọ́, ilẹ̀kùn tó ń dún, ẹlòmíì á kàn dákẹ́ bíi òkúta. Báwo ni ẹ̀rọ mi ṣe fẹ́ jẹ ìyẹn? Ohùn tó mọ́ ni kó o máa gbé wá fún mi jàre!"

"Ẹ má bínú, sà."

Mi ò padà lọ bi Purofẹ́sọ̀ pé èwo ni kí n ṣe. Àwọn fúnra wọn ò gbọ́ ara wọn yé. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣèpàdé, ẹ̀gbọ́n mi ní ó dà bíi ìgbà tí ará ìlú mẹ́ta tí èdè wọn ò jọra pàdé nídìíkọ̀. Ẹni méjì pàṣẹ fún mi, mo gbé èyí tó rọrùn.

Nínú ogójì yẹn, Bàbá Káfíńtà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ìyẹ̀fun pákó ń bẹ lára gbogbo nǹkan, títí kan ìpéǹpéjú wọn. Ọmọ wọn obìnrin ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Àǹtí Aránṣọ ni mò ń pè é.

Lóṣù kìíní, mo gbé àwòrán fún Bàbá.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Mo rí òmùgọ̀ ọkùnrin kan lórí àkàbà. Ta ló kan àkàbà yìí? Kó lọ dá owó olówó padà! Wo ẹsẹ̀ ẹ̀ níbí, ìṣó kan ṣoṣo. Ajá ń fa aṣọ lọ, ìkòkò ń hó dànù, ìwọ ọmọdé yìí sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé yìí ò lólórí."

Purofẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sín Bàbá jẹ lójú ara wọn. "Ta ló kan àkàbà yìí?" Àǹtí Aránṣọ rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Odídẹrẹ́, ó kù díẹ̀ kí n dáhùn pé 'Ẹ̀ẹ́, Bàbá'!"

Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí mo bá sá lọ, ìwọ ni kí wọ́n fi rọ́pò mi."

Àwàdà ni.

Lóṣù kejì, Bàbá ò yára mọ́. Wọ́n wo àwòrán pẹ́. Wọ́n pe àkàbà ní "nǹkan gígùn yẹn". Wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ fún Purofẹ́sọ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, mò ń to àga ní yàrá ìpàdé, ni mo rí orúkọ Bàbá Káfíńtà lójú bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti fi máákà pupa yí i ká. Orúkọ mẹ́fà ni wọ́n yí ká bẹ́ẹ̀. Tiwọn ló wà lókè pátápátá.

Ẹ gbọ́ o. Ní ilé ìwé tí mo lọ, ẹni tí wọ́n bá fi pupa yí orúkọ ẹ̀ ká ti féèlì nìyẹn. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Èmi náà ti dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí, mo ń wo orúkọ mi.

Mi ò béèrè. Mo kàn ní, áà, wọ́n fẹ́ lé Bàbá kúrò.

Oṣù kẹta pé. Nígbà tí mo dé, Àǹtí Aránṣọ ti lọ ra òwú. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò ṣiṣẹ́. Ayùn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo tan rẹ́kọ́dà, mo gbé àwòrán fún wọn.

Wọ́n wò ó.

Wọ́n wò ó títí.

"Ọkùnrin... wà lórí... lórí..."

Mo dákẹ́, bí Purofẹ́sọ̀ ṣe ní kí n ṣe. Bàbá gbójú sókè, wọ́n rí àkàbà tiwọn gan-an tó fara ti ògiri, wọ́n na ìka sí i.

"Ìyẹn. Ìyẹn yẹn."

Wọ́n dìde. Wọ́n mú òòlù látorí tábìlì, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bíi ẹni tó rí i nílẹ̀ lójú títì.

"Kí ni... kí ni mò ń pe eléyìí?"

Ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n ti ń mú òòlù yẹn dání. Omi bọ́ lójú wọn, ó gba inú ìyẹ̀fun pákó tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn kọjá, ó fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Mi ò rí bàbá àgbàlagbà kó sunkún rí. Mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí.

"Bàbá, ṣé ara yín ò yá ni?"

Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí wọn. "Pákó... já. Níbí. Lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n mi orí. "Má sọ fún ọmọ mi."

Wọ́n wá ń wo rẹ́kọ́dà tó wà lọ́wọ́ mi, iná pupa ẹ̀ ń tàn.

"Pa á. Pa nǹkan yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi."

"Bàbá, wọ́n ní dandan ni kí n gba ohùn yín."

"Ìwọ... o mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣe mí." Wọ́n di àtàǹpàkò mi mú, wọ́n fi tẹ bọ́tìnnì yẹn. Iná kú. "Ṣe bíi tèmi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀ bá ṣe?

Ẹ má dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní ṣe é.

Nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé. Mo tan rẹ́kọ́dà. Mo wú ikọ́ wọn díẹ̀, ìyẹn tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó bú èèyàn. Mo wá ní: "Òmùgọ̀ ọkùnrin yìí ṣì wà lórí àkàbà yìí láti ọjọ́ yìí? Kò ní ilé ni?" Mo dárúkọ gbogbo nǹkan. Mi ò fo ìkankan. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Lẹ́yìn náà ni mo pa ti gidi rẹ́. Rẹ́kọ́dà yẹn máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dá èèyàn lójú. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ó dá mi lójú.

Ẹni tó bá ti rékọjá odò lẹ́ẹ̀kan, kò ní bẹ̀rù omi mọ́. Bàbá awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì rìnrìn àjò lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, mo bá ṣe tiẹ̀. Màmá nọ́ọ̀sì ò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ méjì, mo ṣe tiwọn. Òjò rọ̀, ó rẹ̀ mí, mo ṣe ti tíṣà. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń di àgbàlagbà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. "Ṣó o rí i? Ohun tí mò ń sọ nìyí! Ohùn tó mọ́ bíi dígí!"

Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí, Purofẹ́sọ̀ sáré jáde láti ọ́fíìsì wọn, nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ṣì wà létí wọn. "Dókítà! Dókítà, ẹ wá gbọ́! Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá Káfíńtà ti padà!"

Wọ́n gbé e fún Dókítà gbọ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń nu tábìlì. Dókítà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ò rí i bó ṣe já geere! Kò tiẹ̀ sinmi láàárín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń padà báyìí ò nílò ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ èèyàn wò. Ẹ jẹ́ ká fi ẹlòmíì sípò ẹ̀."

Ni Dókítà bá mú tàwúlì lọ síbi bọ́ọ̀dù.

Mo fi àkísà sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, pupa yẹn... kí ló wà fún?"

"Èyí? Àwọn tí a fẹ́ tètè wò nìyí. Owó ìrúgbìn wa ò ju kí a gbé èèyàn mẹ́fà wọnú ẹ̀rọ tó ń ya inú orí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń sọnù lẹ́nu ẹ̀, nǹkan lè máa tẹ ọpọlọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí a bá tètè rí i, a lè mú un kúrò. Tí a bá pẹ́..." Dókítà ò parí ẹ̀. Wọ́n nu orúkọ Bàbá Káfíńtà nù, wọ́n kọ ti màmá kan síbẹ̀.

Mo wò ó bí wọ́n ṣe ń nù ún. Lẹ́tà kan, lẹ́tà kejì. Ó ku díẹ̀ nínú pupa yẹn tí kò kúrò.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ya ẹnu. Ẹnu tó lè sọ ti ogún èèyàn, kò rí tara ẹ̀ sọ.

Purofẹ́sọ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀, inú wọn ń dùn. "Àbí àwòrán yẹn fúnra ẹ̀ ló ń wò wọ́n sàn? Àbí bí a ṣe ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lóṣooṣù? Dókítà, tí a bá fi èyí han àwọn tó fún wa lówó, ìrúgbìn wa ti hù nìyẹn!"

Lójú mi báyìí ni irọ́ mi ṣe hu ewé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ sílé Bàbá. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu lójú ọ̀nà. Àǹtí Aránṣọ ló pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń yọ̀.

"Odídẹrẹ́! Dókítà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Wọ́n ní Bàbá ò níṣòro, pé wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Háà, ọkàn mi balẹ̀! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sùn, wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti ń rò ó sí nǹkan mìíràn. Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dúró ná." Ó wọlé, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì tuntun kan jáde, ó fi wọn èjìká mi. "Mo fi ojú lásán gé e, wò ó bó ṣe bá ẹ mu! O ṣeun tó ò ń wá wo bàbá mi."

Mo gba ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo lọ.

Mo gbìyànjú o, mo fi Ọlọ́run búra. Ní ọjọ́ kejì mo pe fóònù Dókítà. Mo pè é, mo pa á. Mo tún pè é, mo tún pa á. Ìgbà kẹta, wọ́n gbé e.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?"

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi ohùn onílé wa dáhùn. Mo ní ẹ má bínú, mo ṣi nọ́ńbà pè ni.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án yẹn ni àwọn tó fún wọn lówó wá. Èèyàn márùn-ún, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì gígùn, bébà wà níwájú kálukú. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ iṣẹ́ tó ti lọ̀ dáadáa, ó ń bu omi sí ife fún wọn. Ó ṣẹ́jú sí mi pé, wò ó, a ti bọ́. Èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Àǹtí Aránṣọ rán.

Purofẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, Dókítà sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fi àmì kéékèèké hàn lára ògiri. Àwọn àlejò ń mi orí. Purofẹ́sọ̀ wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn yín. Káfíńtà ni. Ẹ gbọ́ oṣù kìíní."

"Ta ló kan àkàbà yìí?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ oṣù kejì." Àwọn àlejò ń káàánú Bàbá.

"Ẹ wá gbọ́ oṣù kẹta."

Ohùn mi jáde. Ikọ́ yẹn kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà, "Òmùgọ̀ ọkùnrin yìí ṣì wà lórí àkàbà yìí láti ọjọ́ yìí?"

Ilẹ̀kùn ṣí.

Àǹtí Aránṣọ ni. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Dókítà ló wá bá, ó ti la ẹnu láti pè wọ́n, ló bá gbọ́ ohùn yẹn.

"Bàbá?"

Ẹ̀yin èèyàn, bí ojú ẹ̀ ṣe tàn! Ó ń wo gbogbo yàrá, ó ń wo ẹ̀yìn àwọn àlejò, bíi ọmọdé tí ìyá ẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn. "Bàbá, ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"Kò ní ilé ni?" rẹ́kọ́dà dáhùn.

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó rí ohun tó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. "Kí ni ẹ̀ ń gbọ́ yìí?"

"Bàbá yín ni," Purofẹ́sọ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ti oṣù yìí ni."

"Ti oṣù yìí?" Ó ń mi orí. "Bàbá mi tí ò lè pe orúkọ mi láti ọjọ́ mẹ́fà? Bàbá mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín níbẹ̀, tí apá kan ò gbé mọ́? Ẹ̀yin lẹ ní ara wọn le! Ẹ̀yin lẹ pè mí!"

Dókítà ti sáré jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn.

Rẹ́kọ́dà ò dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ó ń dárúkọ nǹkan lọ ràì, ajá, aṣọ, ìkòkò, fèrèsé. Àǹtí Aránṣọ tẹ́tí. Ó wá yíjú díẹ̀díẹ̀, títí ojú ẹ̀ fi dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

"Odídẹrẹ́. Ìwọ nìyẹn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

"Rárá o," Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà sọ, "ìyẹn ò lè..." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀rọ mi sọ ọ́. Ó kó ohùn mọ́kànlá jọ sójú kan, bíi ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo tún un ṣe."

Purofẹ́sọ̀ ò wo ẹlòmíì. Èmi ni wọ́n ń wò. "Mélòó?"

"Mọ́kànlá, mà." Ohùn tèmi gan-an ni mo fi sọ ọ́. Ó dún létí mi bíi ti àjèjì.

"Ta ló ní kó o ṣe é?"

"Bàbá ló ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́ àwọn. Wọn ò rántí orúkọ òòlù. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní pákó já lu àwọn lórí."

"Pákó?" Àǹtí Aránṣọ pariwo. "Pákó wo?"

Mo kúnlẹ̀. Ó rọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sáré tẹ̀ lé Dókítà. Nígbà yẹn ni mo gbọ́ omi tó ń kán. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bu omi sínú ife kan ṣoṣo. Ife ti kún tipẹ́, omi ti ba gbogbo bébà àwọn àlejò jẹ́, kò mọ̀. Èmi ló ń wò.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, lórí ìdúró, nínú kọ́rídọ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ egungun orí láti ọjọ́ tí pákó yẹn ti já, ó ń tẹ ọpọlọ. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀mí ò bọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọn ò mọ̀ bóyá á padà.

"Ká ní mo gbọ́ ìdákẹ́ wọn nìkan," Dókítà sọ, "kódà ká ní mi ò gbọ́ ti pákó. Ìdákẹ́ yẹn nìkan ì bá tó."

Owó ìrúgbìn ti dáwọ́ dúró. Kò sí owó ńlá. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo gbà lóòótọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Mo lọ bẹ Purofẹ́sọ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kó ìwé sínú páálí. Wọn ò bú mi. Ó ṣe mí bíi kí wọ́n bú mi.

"Mo ní kó o máa gba ìdákẹ́ wọn fún mi," wọ́n sọ. "O rò pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi náà ò bú mi. Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé ná, títí ìgbìmọ̀ á fi gbọ́ ẹjọ́. Ó ń gbé oúnjẹ mi sórí àga lójoojúmọ́, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohun tí kò sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀kọ́ tí mo ní ò pọ̀. Tí àgbàlagbà bá dákẹ́ níwájú yín, ẹ má kánjú fi ọ̀rọ̀ dí i. Tí wọ́n bá ní ẹ bo àwọn láṣìírí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àṣírí yẹn ò ní pa wọ́n. Ohun tí ò bá sì yé yín, ẹ béèrè, kódà kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo lọ sílé Bàbá. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí mo ti ń dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mò ń padà. Àǹtí Aránṣọ ṣí i. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan bá ẹ sọ. Àmọ́ wọ́n ń wo ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Bóyá ìwọ ni wọ́n ń wá. Wọlé."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n ti fá orí wọn, ojú ọgbẹ́ tẹ̀ kọrọdọ lẹ́bàá etí. Kò sí ìyẹ̀fun pákó lára wọn rárá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Àǹtí gbé òòlù sí wọn lọ́wọ́. Ó bá mi sọ̀rọ̀ láìwò mí. "Ilé ìwòsàn ní ká máa gbé nǹkan fún wọn, ká dúró. Ká má ràn wọ́n lọ́wọ́." Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Bàbá wo òòlù. Wọ́n wò mí. Wọ́n ya ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn wọn, pẹ̀lú ikọ́ wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń gbé e bíi pé wọ́n fẹ́ fi lu nǹkan. Ó kù kí n ṣí ètè.

Bàbá na ọwọ́ tó ṣì ń gbé. Wọ́n di àtàǹpàkò mi mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bí wọ́n ṣe fi tẹ bọ́tìnnì rẹ́kọ́dà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní kí n pa á ni, àbí kí n tàn án.

Mo dákẹ́. Ẹ̀rọ aránṣọ ń dún ní yàrá iwájú, ó ń dúró, ó ń dún. Ẹnu Bàbá ṣì là sílẹ̀.

A wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Àǹtí fi wọlé wá gba òòlù lọ́wọ́ wọn.